Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Owó Ìjọba àti Àtúnlò Omi Ilé-iṣẹ́

Ohùn kan náà ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí fi ń sọ̀rọ̀: oníléeṣẹ́ fẹ́ máa tún omi tó ti lò lò, owó ẹ̀rọ ni kò sí lọ́wọ́, ó sì gbọ́ pé ìjọba ń ṣe ìrànwọ́. A gé àwọn tó gùn kúrú, a sì dá àwọn tó jọra lóhùn pa pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun mímu inú ìgò ni à ń ṣe ní Olúyọ̀lé. Omi tí a fi ń fọ ìgò tó 70,000 lítà lójúmọ́, gọ́tà ni gbogbo rẹ̀ sì ń bá lọ. Tó bá ti di oṣù Kejì ọdún, kànga ẹ̀rọ wa méjèèjì a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, a ó wá máa ra omi ọkọ̀. Èwo nínú owó ìjọba ni a lè gbà láìsan padà, ta sì ni kí a kọ̀wé sí?
Alábòójútó ilé-iṣẹ́, Olúyọ̀lé

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà ọ̀dá. Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó le bẹ̀rẹ̀. Owó ìjọba tí kò ní àsanpadà fún ilé-iṣẹ́ aládàáni tó tó tiyín ṣọ̀wọ́n gan-an. Àwọn àpò owó tí ẹ ń gbọ́ orúkọ wọn lórí rédíò, ti ẹlòmíràn ni. Ecological Fund ti wà láti 1981, ọ̀rọ̀ àyíká ni wọ́n sì dá a sílẹ̀ fún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ ló ń gbà kọjá, iṣẹ́ gbogboogbò ni wọ́n sì ń fi ṣe. Green bond, ìyẹn ìwé gbèsè fún iṣẹ́ àyíká, tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ tà ní oṣù Kejìlá 2017, bílíọ̀nù 10.69 náírà, iṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ ló wà fún. Mílíọ̀nù 200 dọ́là tí Báńkì Àgbáyé yá wa lẹ́yìn omíyalé Ìbàdàn ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, orí afárá, ojú àgbàrá àti dáàmù Ẹlẹ́yẹlé ló lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ yín pé òun yóò bá yín fa ọ̀kankan nínú wọn jáde, gbájú-ẹ̀ ni.

Ilẹ̀kùn tó ṣí fún yín ni ti ẹ̀yáwó. Bank of Industry, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ni ẹ óò kọ́kọ́ kàn. Ó ń yá oníléeṣẹ́ lówó ẹ̀rọ, ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ló sì máa ń san owó náà fún tààrà, kì í kó o fún ẹni tó yá a. Nítorí náà, ìwé iye owó láti ọ̀dọ̀ olùtajà gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín, kó mọ́ kedere, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Èkejì ni Development Bank of Nigeria, DBN, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017. Ẹ kò lè lọ bá DBN fúnra rẹ̀. Inú báńkì tí ẹ ń lò àti àwọn báńkì kéékèèké tó bá a dòwò pọ̀ ni owó rẹ̀ ń gbà jáde, ẹ̀yin ni ẹ óò sì sọ fún báńkì yín pé owó DBN ni ẹ fẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èlé rẹ̀ kéré. Báńkì yín ló ń dá èlé. Àǹfààní DBN ni àkókò: àsanpadà lè gùn tó ọdún 10, ẹ sì lè sinmi tó oṣù 18 kí sísan owó orí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́, Impact Credit Guarantee, lè dúró fún apá kan gbèsè náà nígbà tí ohun ìdógò yín kò bá tó.

Ètò pàtàkì a tún máa jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Irú rẹ̀ ni èyí tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2023: bílíọ̀nù 75 náírà fún àwọn oníléeṣẹ́, èlé ìpín 9 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ilé-iṣẹ́ kan lè gbà tó bílíọ̀nù kan nínú rẹ̀. Irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó tì. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ló ń bá a. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n kéde ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá láàbù kiri, ọjà á ti tú kó tó dé.

Kí ẹ tó yá kọ́bọ̀, ẹ wo omi ìṣankẹ́yìn yín, èyí tó ń ṣan ìgò lẹ́yìn tí sódà tí a fi fọ̀ ọ́ ti kúrò lára rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán. Ẹ má jẹ́ kó dà pọ̀ mọ́ omi sódà mọ́. Ẹ fún un ní páìpù tirẹ̀, asẹ́ tó lè dá èérún ìgò àti bébà dúró, táńkì 10,000 lítà, klorínì díẹ̀ àti pọ́ǹpù kan, kí ẹ sì máa fi ṣan ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé, kí ẹ fi fọ kéèsì àti ilẹ̀. Kò nílò membrane (awọ asẹ́ tó há gan-an) kankan. Ohun tó bá kù lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wọ̀n fún ẹ̀rọ ńlá, ẹ óò sì rí i pé ẹ̀rọ náà kéré sí ohun tí olùtajà ń pè, gbèsè náà yóò sì kéré.

Báńkì kì í yá ènìyàn lówó nítorí pé Odò Ọ̀nà ń bàjẹ́, bó tilẹ̀ yẹ kí ìyẹn dun gbogbo wa. Omi tí ẹ dá padà, tí ẹ wọ̀n, tí ẹ sọ di náírà, ló ń yá owó lé lórí. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ká ní omi ọkọ̀ 10,000 lítà jẹ́ 20,000 náírà, náírà 2 ni lítà kan. Bí ẹ̀rọ bá dá 30,000 lítà padà lójúmọ́, 60,000 náírà nìyẹn. Nínú ọjọ́ iṣẹ́ 300, ó di mílíọ̀nù 18 lọ́dún. Ẹ yọ owó iná, kẹ́míkà, owó oṣù òṣìṣẹ́ àti fílítà tí ẹ óò máa pààrọ̀, ká ní mílíọ̀nù 6. Ó ku mílíọ̀nù 12, ẹ̀rọ mílíọ̀nù 30 yóò sì pa owó rẹ̀ ní ọdún méjì àbọ̀, láì tíì ka èlé. Ẹ wá sọ ìnáwó ọdọọdún yẹn di ìlọ́po méjì: ó ku mílíọ̀nù 6, ọdún márùn-ún. Ìṣirò méjèèjì ni kí ẹ kọ sínú ìwé. Ẹ má sì fi iye omi ọkọ̀ ka gbogbo ọdún bó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́ta péré ni ẹ ń rà á. Oṣù tí ẹ ń lo kànga yín, iye dísù àti ìtọ́jú kànga ni kí ẹ fi kà á. Òṣìṣẹ́ báńkì tó mọṣẹ́ yóò mú ibẹ̀ yẹn kó tó mú ibòmíràn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ẹ̀yin àti àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́rin márùn-ún tó yí yín ká ní Olúyọ̀lé bá fẹ́ ẹ̀rọ ìtọ́jú omi kan ṣoṣo tí gbogbo yín yóò jùmọ̀ lò, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Nígbà náà ni owó ìjọba gan-an lè wọlé, nítorí ohun amáyédẹrùn lẹ gbé wá. Ẹ jọ kọ lẹ́tà kan sí Iléeṣẹ́ Ìjọba fún Àyíká àti Ohun Àlùmọ́ọ́nì ní Sẹkitéríàtì Agodi, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí OYSIPA, àjọ tó ń bójú tó ìdókòwò àti àjọṣe ìjọba pẹ̀lú aládàáni ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ so ìwọ̀n omi ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, àti ìwé àdéhùn lórí iye tí olúkúlùkù yóò máa san fún lítà kan. Lẹ́tà tí kò ní àdéhùn yìí nínú kì í rìn jìnnà.

ÌBÉÈRÈ: A ní ibi tí a ti ń pa adìẹ tí a ń dì í sínú yìnyín ní Ẹgbẹ́dá. Ẹni tó fẹ́ bá wa kọ ìwé ẹ̀yáwó wá gba ìgò kan nínú omi ìdọ̀tí wa fún àyẹ̀wò ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́rú, ó ní ó ti tó. Ṣé lóòótọ́ ló tó?
Oníbéèrè, Ẹgbẹ́dá

ÌDÁHÙN: Kò tó rárá. Ibi ìpadìẹ kì í tú irú omi kan náà jáde látàárọ̀ dalẹ́: ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ́ ní àárọ̀, ọ̀rá àti omi gbígbóná lọ́sàn-án, ọṣẹ àti klorínì nígbà tí ẹ bá ń fọ ilẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìgò aago mẹ́wàá kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní aago márùn-ún.

Bí omi ṣe pọ̀ tó ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Bó bá ń jáde lẹ́nu páìpù, báàkẹ́tì 20 lítà àti fóònù yín ti tó. Bó bá kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 8, lítà 2.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni, ìyẹn 9,000 lítà ní wákàtí kan. Bó bá jẹ́ gọ́tà ló ń gbà, ẹ ní kí wẹ́dà gé irin pẹlẹbẹ kan tó dí gọ́tà náà láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kó sì gé ojú kan sí òkè rẹ̀ bíi lẹ́tà V, tó ṣí ní ìwọ̀n dígírì 90. Ẹ fi símẹ́ǹtì lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa kí omi má bàa yọ́ gba ibòmíràn. Ẹ̀yìn irin náà, níbi tí omi ti ń bọ̀, ni kí ẹ ri rúlà mọ́, kó jìnnà sí ojú V tó ìlọ́po mẹ́rin gíga omi, nítorí pé lẹ́nu V gan-an omi ti ń dà wálẹ̀, rúlà tó bá wà níbẹ̀ yóò parọ́. Òdo rúlà gbọ́dọ̀ bá ìsàlẹ̀ V dọ́gba. Bí omi bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 5, lítà 0.77 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá jẹ́ 10, lítà 4.4, bó bá jẹ́ 15, lítà 12. Ẹ rí i pé nígbà tí gíga di ìlọ́po méjì, omi di ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Ìdí nìyẹn tí rúlà tó wọ́ sẹ̀ǹtímítà kan péré fi ń ba gbogbo ìṣirò jẹ́. Ẹ ka rúlà ní gbogbo ìṣẹ́jú 30, láti ìgbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ títí tí ẹ ó fi fọ ilẹ̀ tán, fún ọjọ́ iṣẹ́ méje ó kéré tán, kí ọjọ́ tí ọjà yín máa ń pọ̀ jù sì wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ àkókò òjò, ẹ rí i pé omi òrùlé kò wọ gọ́tà náà. Ilé-iṣẹ́ tí omi òjò wọ inú ìwọ̀n rẹ̀ yóò ra ẹ̀rọ fún òjò.

Lẹ́yìn náà ló kan omi àyẹ̀wò. Wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ bù díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo tó wà nínú yìnyín. Wákàtí tí omi bá pọ̀, kí ẹ bù púpọ̀, wákàtí tó bá kéré, kí ẹ bù kékeré. Ojú ibẹ̀ ni kí ẹ ti ka pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) àti bó ṣe gbóná tó, torí pé wọ́n ti yí padà kó tó dé láàbù. Omi tí wọn ó fi wo BOD (ọ́síjìn tí kòkòrò àìfojúrí nílò láti jẹ ìdọ̀tí inú omi) gbọ́dọ̀ tutù tó ìwọ̀n 4 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì, kó sì dé láàbù kí wákàtí 48 tó pé. Ti COD (ọ́síjìn tí kẹ́míkà nílò láti jó ìdọ̀tí náà tán) wà nínú ìgò tirẹ̀ tí a ti kán ásíìdì sọ́fúríkì sí títí pH rẹ̀ fi wálẹ̀ sí 2. Ti ọ̀rá, ìgò aláwo ni ẹ óò fi gbà á tààrà, ẹ kò ní bù ú látinú kẹ́ẹ̀gì: ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ ara ike, láàbù yóò sì sọ pé ọ̀rá yín kéré nígbà tó jẹ́ pé ara kẹ́ẹ̀gì ló kù sí. Láàbù tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú òfin àyíká ṣẹ, fọwọ́ sí ni kí ẹ lò; èsì láti ibòmíràn, wọn yóò ní kí ẹ lọ ṣe òmíràn wá.

Yàtọ̀ sí pH, COD, BOD, ọ̀rá àti ìdọ̀tí tó léfòó sínú omi, ẹ bèèrè fún nitrogen, phosphate, iyọ̀ tó yòrò, irin àti líle omi, nítorí ẹ fẹ́ tún un lò. Bí BOD bá ju ìdajì COD lọ, kòkòrò àìfojúrí lè jẹ ìdọ̀tí náà, ẹ̀rọ yín yóò sì rọrùn. Bí kò bá tó ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún COD, kẹ́míkà wà nínú rẹ̀ tí kòkòrò kò lè jẹ, ẹ wá orísun rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti 1991 fún omi tó ń wọ odò ní kí BOD má ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan, ìdọ̀tí tó léfòó 30, ọ̀rá 10, pH láàárín 6 sí 9. NESREA ti gbé ìlànà ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde láti 2009. Tiyín wà nínú ti oúnjẹ àti ohun mímu, òun sì ni kí ẹ fi wé èsì yín nínú ìwé.

Ohun méjì ni ìwọ̀n yìí yóò sọ fún yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀. BOD ẹ̀jẹ̀ tútù lè ju mílígíráàmù 100,000 lọ nínú lítà kan, bí ẹ bá sì ń jẹ́ kó ṣàn lọ sí gọ́tà, ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ẹ ń ra ẹ̀rọ fún. Ẹ fi ọpọ́n gbà á lábẹ́ ibi tí adìẹ ti ń ro, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń se é gbẹ fún oúnjẹ ẹran. Èkejì ni táńkì ìkójọ, tí omi gbogbo wákàtí yóò ti dà pọ̀ kó tó wọ ẹ̀rọ. Bí táńkì yìí bá gba bí ìdajì omi ọjọ́ kan, tí nǹkan sì ń rò ó kó má bàa bàjẹ́, omi wákàtí tó wà ní ìdọ́gba ni ẹ̀rọ yín yóò máa gbà. Olùtajà tó bá fi omi wákàtí tó pọ̀ jù lọ wọn ẹ̀rọ fún yín, ẹ̀rọ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ló fẹ́ tà.

ÌBÉÈRÈ: A ń pa aṣọ láró fún títà ní ọ̀nà Ìwó. Olùtajà kan ní RO, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti omi gba inú membrane, ni ká gbé sí ẹnu omi aró, pé yóò jáde bí omi mímu. Ṣé ká fi iye tó kọ fún wa tọrọ owó?
Aláró, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Rárá o. Omi tó ń wọ RO yẹ kó mọ́ débi pé ìdọ̀tí ojú rẹ̀ kò tó 1 NTU, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe dàrú tó. Bí aró, òwú aṣọ àti sítáàṣì bá bá ara membrane, yóò dí láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ óò máa fọ̀ ọ́, ẹ óò máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀yáwó yín yóò sì wà nílẹ̀. Ohun tó ń ṣáájú RO ló le jù: asẹ́ fún òwú, álọ́ọ̀mù tàbí ferrous sulphate pẹ̀lú lime (ẹfun tí a sun, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́) kí àwọ̀ dì, táńkì ìsilẹ̀, iyanrìn, èédú, lẹ́yìn náà ni RO tó bá pọn dandan.

Ẹ kọ́kọ́ dán álọ́ọ̀mù wò fúnra yín. Ẹ po gíráàmù 10 sínú omi mímọ́ lítà kan. Ẹ to ìgò mẹ́fà tó mọ́lẹ̀ gaara sílẹ̀, lítà kan omi aró nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mìlílítà 10 omi álọ́ọ̀mù yẹn jẹ́ mílígíráàmù 100. Ẹ fi mìlílítà 5 sí àkọ́kọ́, 10 sí èkejì, 15, 20, 25, 30. Ẹ rò wọ́n kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá máa rò wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún 30. Nínú ìgò tí ìwọ̀n rẹ̀ bá tọ́, ẹ óò rí i tí aró ń dì bí ìdì òwú kéékèèké, tó ń rọra wọlẹ̀, tí òkè rẹ̀ sì ń mọ́. Ìgò tí álọ́ọ̀mù ti pọ̀ jù lè tún padà dàrú. Bí ọ̀kankan kò bá dì, ẹ wo pH: àárín 5.5 sí 7.5 ni álọ́ọ̀mù ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, omi aró sì sábà máa ń ju 9 lọ. Ẹ ya fọ́tò ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ kọ nọ́ńbà sí ara wọn, kí ẹ fi í sínú ìwé tí ẹ fẹ́ fi tọrọ owó.

RO kì í dá gbogbo omi padà. Nínú lítà 100, nǹkan bí 60 sí 75 ni yóò mọ́, ìyókù yóò jáde pẹ̀lú gbogbo iyọ̀ aró nínú rẹ̀. Bí olùtajà kò bá kọ ibi tí ìyókù yẹn ń lọ, ìwé rẹ̀ kò pé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ obìnrin onígaàrì ni wá ní Lálúpọn. Omi ẹ̀gẹ́ tí a ń fún dànù ń rùn, ó ń pa koríko, àwọn aládùúgbò sì ti fẹjọ́ wa sùn. Ṣé ìjọba lè ṣe ti wa?
Ìyá Ẹgbẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ìyá wa. Ọ̀nà yín gbòòrò ju ti àwọn oníléeṣẹ́ ńlá lọ, nítorí ẹgbẹ́ ni yín. Bí ẹ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́. Ẹ lọ fi ara yín han OYSADA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ lórí òwò àgbẹ̀. Owó kan tún wà tí kì í ṣe ti ìjọba wa gan-an: ètò Small Grants ti Global Environment Facility, àpò owó àgbáyé fún àyíká, tí UNDP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè fún ìdàgbàsókè, ń bójú tó ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ ìlú àti àwọn NGO ló wà fún, kò kan kọ́ńpánì, a kì í sì í san án padà. Wọ́n máa ń béèrè ohun tí ẹ̀yin náà yóò mú wá: ilẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ yín, yẹ̀pẹ̀, owó díẹ̀. Ẹ fi iye sí gbogbo rẹ̀ nínú ìwé.

Ohun tí ẹ lè tọrọ owó fún ni kòtò tí a fi táápólì tó nípọn bò, tí omi ẹ̀gẹ́ yóò ti di gáàsì ìdáná. COD omi ẹ̀gẹ́ sábà máa ń jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ká ní tiyín jẹ́ mílígíráàmù 30,000 nínú lítà kan, tí ẹ sì ń fún 2,000 lítà lójúmọ́: kìló 60 COD nìyẹn. Bí kòtò bá jẹ ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di kìló 42; kìló kọ̀ọ̀kan sì ń fúnni ní 350 lítà gáàsì methane, gbogbo rẹ̀ yóò tó 14,700 lítà lójúmọ́. Ooru inú rẹ̀ tó ti igi ìdáná bíi kìló 35 sí 40. Níwọ̀n bí ààrò onígi ti ń fi ooru ṣòfò ju ti gáàsì lọ, igi tí ẹ kò ní rà mọ́ yóò ju ìyẹn lọ. Owó igi yẹn ni kí ẹ fi ṣíwájú nínú ìwé.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kíkánjú. Omi ẹ̀gẹ́ kan, pH rẹ̀ sún mọ́ 4, kòkòrò tó ń ṣe gáàsì kò sì lè gbé inú omi kíkan. Ẹ kọ́kọ́ fi ohun inú ikùn màlúù láti ibi ìpẹran Amósùn dá a sílẹ̀, kí ẹ po lime (ẹfun tí a sun) mọ́ omi ẹ̀gẹ́ títí pH yóò fi sún mọ́ 7, kí ẹ sì máa bù ú sí i díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Oró inú ẹ̀gẹ́ lè pa kòkòrò náà bó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan; bó bá wọlé díẹ̀díẹ̀, á mọ́ wọn lára. Bí pH inú kòtò bá wálẹ̀ sí 6.5, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má bu ohunkóhun sí i títí yóò fi gòkè. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó wọ inú kòtò tàbí táńkì omi ẹ̀gẹ́ tó bò láti tún un ṣe. Gáàsì tó wà níbẹ̀ ń pa ènìyàn, ó sì ń pa ẹni tó bá sáré wọlé láti gbà á.

ÌBÉÈRÈ: A ń fọ náílọ́ọ̀nù píọ̀-wọ́tà àti ike, a sì ń tún wọn yọ́, ní Ọ̀jọ́ọ̀. Báńkì ìjọba dá ìwé wa padà, gbólóhùn kan péré ni wọ́n kọ: "kò pé". Kí ló lè fa á?
Oníléeṣẹ́ ike, Ọ̀jọ́ọ̀

ÌDÁHÙN: A yẹ ẹ̀dà tí ẹ fi ránṣẹ́ wò. Orúkọ tó wà lórí ìwé CAC yín ní "Enterprises", èyí tó wà lórí ìwé owó orí ní "Limited". Ìyẹn nìkan ti tó láti dá a padà. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà á, ohun mẹ́ta inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kó kọjá. Olùtajà kan ṣoṣo ni ẹ gba iye owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gba mẹ́ta, kí gbogbo wọn dáhùn sórí ìwọ̀n omi kan náà tí ẹ̀yin kọ fún wọn. Èkejì, ẹ̀rọ nìkan lẹ tọrọ owó fún. Kẹ́míkà oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdánwò, àti ibi tí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ń lọ kò sí níbẹ̀, nígbà tí ẹrẹ̀ ara náílọ́ọ̀nù píọ̀-wọ́tà sì ni ìṣòro yín tó tóbi jù. Ẹ kọ iye kìló ẹrẹ̀ tó ń jáde nínú tọ́ọ̀nù ike kan, kí ẹ so àdéhùn ẹni tí yóò máa kó o mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta ni iná. Ẹ̀rọ tí ẹ yàn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi kí kòkòrò àìfojúrí lè máa mí, ìwé yín sì ṣírò iná IBEDC nìkan, bí ẹni pé kò ní lọ rí. Bí afẹ́fẹ́ bá dá fún wákàtí mélòó kan, omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, kòkòrò yóò máa kú, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó padà bọ̀ sípò. Ẹ kọ dísù sínú ìṣirò. Ìmọ̀ràn wa ni pé iṣẹ́ yín kò tilẹ̀ nílò kòkòrò fún ìgbà àkọ́kọ́: fún omi tí ẹ fi fọ ike, tí ẹrẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, asẹ́, álọ́ọ̀mù, táńkì ìsilẹ̀ àti iyanrìn lè dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà fún ìfọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ fi omi tuntun ṣe ìṣankẹ́yìn nìkan. Tí iná bá lọ, omi náà á kàn dúró jẹ́ẹ́ ni.

Nínú àdéhùn yín pẹ̀lú olùtajà, ẹ kọ ọ́ pé ẹ óò mú ìpín 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ dání títí ẹ̀rọ yóò fi ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 30 lórí omi yín, tí èsì láàbù yóò sì bá ohun tó kọ mu. Olùtajà tó bá kọ̀ ọ́ ti dá yín lóhùn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a gbọ́dọ̀ ṣe EIA, ìyẹn àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ kan yóò ṣe sí àyíká, kí a tó gbé ẹ̀rọ ìtọ́jú omi sí inú ọgbà wa tó ti wà tipẹ́?
Oníṣòwò, Lágelú

ÌDÁHÙN: Iṣẹ́ tuntun ni òfin EIA ti 1992 ń bá wí ní pàtàkì, ọ̀dọ̀ Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Àyíká ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Fún ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, àyẹ̀wò àyíká tí NESREA ń béèrè ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọn yóò kọ́kọ́ bi yín. Bí tiyín bá ti kọjá àkókò, ẹ ṣe é kí ẹ tó gbé ìwé ẹ̀yáwó lọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèjì kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn ní kíkọ. Bí ọgbà yín bá wà létí odò, ẹ mú àwòrán ilẹ̀ tó fi ibi tí omi máa ń kún dé hàn. Láti ìgbà omíyalé 2011, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn tí kì í bi èèyàn ní ìbéèrè yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Bí omi tí a tún ṣe bá mọ́ bí omi mímu, ṣé a lè fi po jùúsì?
Oníjùúsì, Mọ́níyà

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fẹ́ fi tọrọ owó, nítorí NAFDAC yóò kàn án kí báńkì tó kàn án. Bọ́ìlà, ìtutù ẹ̀rọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti fífọ ilẹ̀ ni ẹ kọ. Ẹ kun páìpù rẹ̀ ní àwọ̀ mìíràn, kí ẹ má jẹ́ kí ibì kankan wà tí ó ti so mọ́ páìpù omi mímu, kódà kó má jẹ́ fáàfù tí ẹ tì pa. Fún bọ́ìlà, ẹ kọ́kọ́ wo líle omi àti iyọ̀ inú rẹ̀: omi tó mọ́ lójú ṣì lè di èèpá lára páìpù bọ́ìlà, kó sì jẹ dísù yín lọ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.